Ohùn Tí Ojú Kò Bá: Ẹyẹ Orí Òkè, Ìmọ̀ àti Ìgbàgbọ́

Ẹyẹ akọrin tó ń gbé inú igbó kìjikìji kì í sábà jẹ́ kí ojú kan òun. Ara rẹ̀ kéré, ewé bò ó, òkè téńté orí igi ló sì máa ń wà. Ohùn rẹ̀ nìkan ló ń jáde síta. Ẹni tó bá gun òkè wọ irú igbó bẹ́ẹ̀ láti wá ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n lè máa gbọ́ orin rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí, kó má rí ìyẹ́ rẹ̀ ẹyọ kan. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti dé: ẹni tó gbọ́ ohùn tí kò rí olóhùn, ṣé ó mọ̀ pé olóhùn wà níbẹ̀ ni, àbí ńṣe ló kàn gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ìbéèrè yìí ju ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹyẹ lọ. Ohùn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀sìn fi bẹ̀rẹ̀, àwọn tó fi etí ara wọn gbọ́ ọ kò sì tó nǹkan lára àwọn tó gba ìròyìn rẹ̀.

Ohùn ní Àgbádárìgì

Ìlú Àgbádárìgì kò ní òkè tí èèyàn ń gùn. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín ọ̀sà àti òkun: yanrìn, igi àgbọn, irà tí igi ògùrọ̀ kún. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ohùn àti olóhùn kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Láàárín àwọn Ògù, tí Yorùbá ń pè ní Ègùn, Zangbeto ló ń ṣọ́ ìlú lóru. Ohùn rẹ̀ tó há kẹ̀kẹ̀ ni ará ilé ń gbọ́ lórí ẹní. Lọ́sàn-án ọjọ́ ọdún, wọ́n ń rí ìko tó gbé wọ̀, àwọn ọmọ awo a sì máa dojú ìko náà dé kí èrò rí i pé kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Níbi tí Yorùbá bá ti ń ṣe Orò, ohùn ló ń kéde rẹ̀, ẹni tí kì í ṣe awo kò sì gbọdọ̀ fojú kàn án, pàápàá obìnrin.

Ẹ̀sìn tó gba ojú òkun wá náà kò yàtọ̀ lọ́nà yìí. Abẹ́ igi Agia ní Àgbádárìgì ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ti wàásù lọ́dún 1842. Ìlú náà ka ìwàásù yẹn sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn Kristẹni ní ilẹ̀ tó wá di Nàìjíríà, òkúta ìrántí sì wà níbi tí igi ọ̀hún dúró sí kó tó wó lọ́dún 1959. Ohun tí Freeman gbé wá jẹ́ ẹ̀rí nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, láyé àtijọ́. Àwọn tó ń gbọ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, oníwàásù náà kò sì sí níbẹ̀. Etí ni gbogbo wọn fi gbà á.

Ìmọ̀, ìgbàgbọ́ àti ìdánwò

Àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí méjì, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1986 tí wọ́n pè ní Knowledge, Belief and Witchcraft. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì ni wọ́n lọ bá, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ohun tó mú kí èèyàn lè sọ pé òun mọ nǹkan. Ìdáhùn àwọn oníṣègùn náà le ju bí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti rò lọ. Ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí, tó yé e, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, òun ló mọ̀. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tàbí tó kà nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni, ì báà jẹ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán ló sọ ọ́. Bí a bá gbé e lórí ìwọ̀n yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ ilé ìwé jẹ́ ìgbàgbọ́, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá wọn débi tí wọ́n ti rí i.

Àwọn oníṣègùn náà kò ka ìgbàgbọ́ sí irọ́. Ó lè di ìmọ̀ bí a bá dán an wò tó sì rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá ṣeé dán wò, àlàyé àti ìjíròrò ni wọ́n fi ń wádìí rẹ̀, èyí tó bá dúró lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè ni wọ́n ń mú lò. Ìròyìn kò tó àfojúbà, gẹ́gẹ́ bí òwe ti wí, ṣùgbọ́n ìròyìn tí a dán wò lè mú èèyàn débi àfojúbà.

Ẹ̀gà tó kún orí igi àgbọn ní Àgbádárìgì ń ṣe irú ìdánwò yìí lójú gbogbo èèyàn. Akọ ẹ̀gà á fi ẹnu gé etí imọ̀ àgbọn níwọ̀nba, á di ibi tó gé mú, á sì fò kúrò kí agbára ìfò rẹ̀ fa ewé náà ya ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀já bẹ́ẹ̀ ló fi ń hun ìtẹ́. Bó bá parí, á rọ̀ mọ́ abẹ́ ìtẹ́, á máa gbọn apá, á máa pariwo pe abo. Abo gbọ́ orin náà, ó sì rí ẹwà akọ, ṣùgbọ́n kò tíì gbà. Á wọ inú ìtẹ́ lọ, á máa fi ẹnu fa ewé tí akọ hun, á tún tì í wò. Bí ìtẹ́ náà bá ti gbó tí ewé rẹ̀ ti rọ, á jáde lọ, akọ á sì tú u palẹ̀ kó tó hun òmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó lọ́dọ̀ abo ẹ̀gà.

Ẹyẹ tí a gbọ́ tí a kò rí kò bá ìpín méjèèjì mu pátápátá. Kì í ṣe ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, nítorí etí ẹni tó wà nínú igbó gan-an ló gbọ́ ọ. Kì í sì í ṣe àfojúbà. Bí ojú bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìmọ̀ ń gbà wọlé, kò sí ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀. Bí etí ara ẹni bá tó, a jẹ́ pé ìwọ̀n àwọn oníṣègùn nílò àlàyé díẹ̀ sí i. Ìrírí àwọn tó ti wá ẹyẹ kiri lórí òkè àti nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti àdúgbò rẹ̀ ló lè fi bí ọ̀rọ̀ náà ti rí hàn.

Ohun tí òkè àti igbó fi hàn

Òkè Kupé ní Kamẹrúùnù ga ju mítà 2,000 lọ, igbó sì bò ó. Àwọn Bakossi tó yí i ká gbà pé ibùgbé àwọn ẹ̀mí ni. Ọ̀gbẹ́ni William Serle, dókítà ará Scotland tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà tó sì di àlùfáà ìjọ ní ìlú rẹ̀ lẹ́yìn náà, rí ẹyẹ kan níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ kò tíì kọ sílẹ̀ rí. Ó ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1951. Telophorus kupeensis ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pè é. Lẹ́yìn náà, ẹyẹ yìí di àwátì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ọdún kí àwọn onímọ̀ ẹyẹ tó tún fojú kàn án, lọ́dún 1989. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ẹyẹ náà wà níbẹ̀, ó ń jẹ, ó ń kọrin, ó ń pamọ. Àìrí àwọn èèyàn kò dín wíwà rẹ̀ kù. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyẹn: pé a kò rí nǹkan kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí, àgàgà níbi tí igbó ti dí tí ẹni tó ń wá a kò sì pọ̀.

Ìlú Jos àti àwọn òkúta ńláńlá tó yí i ká ló fún wa ní ẹ̀kọ́ kejì. Ẹyẹ kékeré dúdú kan wà níbẹ̀, Vidua maryae, tí kì í yé ẹyin sínú ìtẹ́ ara rẹ̀. Ìtẹ́ ẹyẹ mìíràn ló ń yé sí, ẹyẹ yẹn á sì bá a tọ́ ọmọ. Ọmọ tí wọ́n tọ́ bẹ́ẹ̀ á kọ́ orin alágbàtọ́ rẹ̀, yóò sì máa kọ ọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Robert Payne, onímọ̀ ẹyẹ ará Amẹ́ríkà, kíyè sí orin tí ẹyẹ dúdú náà ń sín jẹ, ó sì tọ ipa orin náà dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ pupa kan tó ń gbé àárín àwọn àpáta. Àwọn èèyàn ti ń ka ẹyẹ yìí mọ́ ẹ̀yà mìíràn tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1998 ni Payne kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ọ̀tọ̀, ó sì sọ ọ́ ní Lagonosticta sanguinodorsalis. Ẹnu ẹlòmíràn ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹyẹ náà. Ìròyìn ni, ìyẹn ìgbàgbọ́ lójú àwọn oníṣègùn Èkìtì, ṣùgbọ́n a dán an wò, ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta le jù, ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló sì ti wá, láti igbó Cavalla ní Làìbéríà. Láàárín ọdún 1981 sí 1984, Wulf Gatter àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rí ẹyẹ kan níbẹ̀ tí tótòtó funfun wà ní ìyẹ́ apá rẹ̀. Wọ́n pa ẹyọ kan, wọ́n sì ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1985 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tuntun, Phyllastrephus leucolepis. Kò tún sí ẹni tó rí òmíràn mọ́. Àwọn tó padà lọ wá a dé lọ́wọ́ òfo, ó sì wà lára àwọn ẹyẹ tí ayé kà sí èyí tó ṣọ̀wọ́n jù ní Áfíríkà. Lọ́dún 2017, Martin Collinson ti Yunifásítì Aberdeen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ DNA ẹyẹ kan ṣoṣo náà wò. Wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ní láárí láàárín rẹ̀ àti Phyllastrephus icterinus, ẹyẹ tó pọ̀ nínú igbó kan náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oúnjẹ tí kò ṣara lóore nígbà tí ìyẹ́ rẹ̀ ń hù ló mú kí ó ní tótòtó funfun. Wọ́n fojú rí ẹyẹ yìí, wọ́n gbé e lọ́wọ́, wọ́n wọn apá àti ẹnu rẹ̀, síbẹ̀ ohun tí wọ́n rò pé àwọn rí kò sí.

Bí a bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì kì í ṣe ti ojú àti etí. Ojú ṣìnà ní Cavalla, etí sì tọ̀nà ní Jos. Ohun tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ni ìdánwò: ṣé ẹni tó sọ pé òun mọ̀ wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣé ó lè ya ohun tó bá pàdé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jọ ọ́, ṣé ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ já a nírọ́? Àwọn tó ń ṣe àkójọ ẹyẹ Nàìjíríà lórí àwòrán ilẹ̀ gba ẹyẹ tí a gbọ́ wọlé bí wọ́n ti ń gba èyí tí a rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dá ohùn náà mọ̀. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ẹni tó kàn gbé fóònù rẹ̀ sókè, tí ètò Merlin ti Yunifásítì Cornell, tó ń dá ohùn ẹyẹ mọ̀ láti ọdún 2021, sì pe orúkọ ẹyẹ fún un. Títí yóò fi fi etí ara rẹ̀ kọ́ ohùn náà, ìròyìn ló gbà.

Ta ni ẹlẹ́rìí?

Ọ̀rọ̀ ìdánwò gbé ìbéèrè mìíràn dìde: ẹ̀rí ta ni a ń kà? Ní oṣù Kẹta ọdún 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì láti lọ wá ibi tí Odò Ọya parí sí. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ti ń jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ná ọjà lórí odò náà mọ ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò tó ẹnu lójú àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà tí àwọn Lander tọ odò náà dé òkun, kí ọdún yẹn tó parí, ni Yúróòpù tó gbà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú ẹyẹ tó jẹ́ ti ilẹ̀ Yorùbá jù lọ, Malimbus ibadanensis, ìbátan ẹ̀gà, dúdú tó ní pupa ní orí àti àyà. Kò sí i níbòmíràn láyé àfi gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. J. H. Elgood, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1958, àwọn tó bá fẹ́ rí i lónìí sì máa ń lọ sí igbó tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, dáàbò bò ní Ìbàdàn. Kí ọdún 1958 tó dé, àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ń gba abẹ́ igi tó ń so ìtẹ́ rẹ̀ rọ̀ sí kọjá. Ohun tí ìwé fi kún un ni pé ẹlòmíràn tó wà lọ́nà jíjìn lè dán an wò. Iṣẹ́ ìwé nìyẹn, ó sì tóbi, ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀.

Ohùn nínú ẹ̀sìn

Ìtàn tí àwọn ẹlẹ́sìn ń sọ mọ ìṣòro yìí dáadáa. Nínú Kùránì, ẹyẹ hudhud kò sí níbi àpéjọ Ànábì Sùlàímọ́nù. Nígbà tó dé, ó ní òun mú ìròyìn tó dájú bọ̀ láti ilẹ̀ Saba. Ànábì kò gbà á lójú ẹsẹ̀, kò sì sọ pé irọ́ ni. Ó ní àwọn yóò wò ó bóyá òótọ́ ló sọ, ó sì fi ìwé rán ẹyẹ náà padà. Nínú Bíbélì, Tọ́másì kọ̀ láti gba ìròyìn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí tí òun náà fi rí. Èlíjà ní tirẹ̀ gun òkè Horébù. Ìjì kọjá, ilẹ̀ mì, iná jó, ohùn jẹ́jẹ́ ló sì wá kẹ́yìn. Nígbà tó gbọ́ ọ, ńṣe ló fi aṣọ bo ojú.

Aṣọ tí Èlíjà fi bojú ló fi hàn ibi tí ọ̀nà ẹni tó ń wá ẹyẹ àti ọ̀nà ẹlẹ́sìn ti pín. Ẹni tó ń wá ẹyẹ kò rí i nítorí pé igbó dí. Bí ewé bá yà, inú rẹ̀ á dùn. Ẹlẹ́sìn mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti wò ni. Ará Àgbádárìgì tó tilẹ̀kùn nígbà tí Zangbeto ń kọjá kò ṣàìní ọ̀nà àtiwo ìta. Ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kó wò. Nítorí náà, kò tọ́ kí a sọ pé ẹ̀sìn rẹ̀ kò pé nítorí pé kò fojú rí, bí a ti lè sọ pé ìwádìí lórí ẹyẹ kò tíì pé níwọ̀n ìgbà tí kò sí ohun tí ẹlòmíràn lè fi dán an wò.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò mú ìdánwò kúrò. Ó kàn gbé e lọ síbòmíràn ni. Ìtàn tí Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá ń sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fi èyí hàn. Samuel Bilewu Oshoffa, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Àjàṣẹ́, ìlú tó wà lórí ọ̀sà níwájú Àgbádárìgì, wọ igbó lọ wá igi ẹbónì. Ìjọ náà sọ pé ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1947, nígbà tó ń gbàdúrà, ó gbọ́ ohùn kan tí kò rí ẹni tó ń sọ ọ́, ó sì rí ọ̀bọ funfun kan tó ní ìyẹ́ bíi ti àdán, ejò kúkúrú kan, àti ẹyẹ kan tó jọ ọ̀kín. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n ka ìjọ náà sí èyí tó bẹ̀rẹ̀, àwọn apẹja sì gbé e la ọ̀sà kọjá dé Makoko l'Ékòó lọ́dún 1950. Fún Oshoffa, ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ tó sì rí ni. Fún gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e, ìròyìn ni. Wọn kò lè padà sínú igbó 1947 lọ dán ohùn náà wò. Ohun tí wọ́n ń dán wò ni èso rẹ̀: ṣé aláìsàn gbádùn, ṣé àsọtẹ́lẹ̀ ṣẹ, ṣé ìwà ẹni tó gbà á dára sí i? Irú ìdánwò kan náà ni ará ìlú fi ń wo Zangbeto: ṣé olè dínkù lóru? Níbi tí olóhùn kò bá ṣeé wò, iṣẹ́ rẹ̀ ṣeé wò.

Ìgbàgbọ́ tí kò bá gba ìdánwò kankan máa ń ṣe ibi. Òwìwí jẹ́ àpẹẹrẹ. Igbe rẹ̀ lóru ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ti àjẹ́ ni, wọ́n sì ń pa á. Wọ́n gbọ́ ohùn, wọ́n sì fo ìdánwò dá lọ sórí ìdájọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá yẹ ilẹ̀ abẹ́ ibi tó ń sùn wò, irun àti egungun eku tí òwìwí pọ̀ jáde ni yóò bá níbẹ̀.

Ohun tí àfojúbà ń náni

Wíwá àfojúbà ní gbogbo ọ̀nà náà ní ewu tirẹ̀. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Láyé àtijọ́, ìbọn ni ẹ̀rí: ẹyẹ tí a kò bá pa kò wọ ìwé. Lónìí, àwọn mìíràn ń fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kọ orin ẹyẹ fún un láti fà á jáde. Akọ tó gbọ́ ọ á rò pé akọ mìíràn wọ ilẹ̀ òun, á fi oúnjẹ àti ìtẹ́ sílẹ̀ wá jà. Bí àwọn tó ń wò ó bá pọ̀, ẹyẹ tó ti ṣọ̀wọ́n yóò máa fi ọjọ́ rẹ̀ bá ẹ̀rọ jà. Ọ̀nà mìíràn wà. Ní Somalia, àwọn onímọ̀ mú ẹyẹ kan, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀ lọ́dún 1990. Wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1991 láìpa á, wọ́n sì pè é ní Laniarius liberatus. Àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2008 fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀yà ọ̀tọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ̀rí náà ṣeé dán wò, ó sì ṣeé tún ṣe, ẹyẹ kò sì kú nítorí rẹ̀.

Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ wá rí báyìí. Ẹni tó gbọ́ ohùn nínú igbó, tó dá a mọ̀ láàárín àwọn tó jọ ọ́, tó sì ṣe tán láti gba àtúnṣe, ti mọ̀ pé ẹyẹ náà wà níbẹ̀, bí ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ bá a. Ẹni tó gba ìròyìn rẹ̀ wà nínú ìgbàgbọ́, ìgbàgbọ́ náà sì níyì bó bá jẹ́ èyí tó ń gba ìdánwò. Nínú ẹ̀sìn, ẹni tó gbọ́ lè bo ojú, àwọn tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ní láti ṣí aṣọ náà kúrò. Ohun tó kù fún wọn ni láti máa fi èso ohùn náà díwọ̀n rẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún.